Bí A Ṣe Ń Túpalẹ̀ Ìtàn Ẹnu Nínú Ìwádìí Láìgé E Wẹ́wẹ́

Akẹ́kọ̀ọ́ á fi oṣù mẹ́ta fọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn lẹ́nu wò. Á da ọ̀rọ̀ wọn kọ, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé e: èyí tó jẹ mọ́ owó, ọ̀tọ̀, èyí tó jẹ mọ́ ọkọ àti ọmọ, ọ̀tọ̀, èyí tó jẹ mọ́ ìjọba, ọ̀tọ̀. Nígbà tó bá fi máa dé orí kẹrin, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìtúpalẹ̀ ìtàn lòun ṣe. Alábòójútó á ka ojú ìwé márùn-ún, á bi í pé: "Ìtàn wo lo túpalẹ̀?" Kò ní rí èsì fọ̀, nítorí kò sí ìtàn kankan níbẹ̀ mọ́. Ohun tó ṣẹ́kù ni kókó-ọ̀rọ̀ àti àyọlò onílà méjì-méjì.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń já sí bẹ́ẹ̀. Nínú ìtúpalẹ̀ ìtàn, a kì í tú ìtàn ká kí a tó mọ bó ṣe dúró: ibi tí olùsọtàn ti bẹ̀rẹ̀, ohun tó fi tẹ̀ lé e, ibi tó ti dánu dúró, ẹni tó ń sọ ọ́ fún, àti ìdí tó fi fẹ́ kí a gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó ń ta tòmátì la máa fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀. Àyọkà tí ẹ máa rí ní ìpele 5, fún ìdánrawò la ṣe kọ ọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó tẹnu ẹnì kan pàtó jáde.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Olùsọtàn 6 sí 8 fún iṣẹ́ oyè másítà. Bí wọ́n bá tó 30, àkókò ò ní jẹ́ kí ẹ gbé ìtàn ẹnì kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò lódidi, ẹ ó sì padà sídìí gígé.
- Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ méjì. Fóònù lè jẹ́ ọ̀kan. Ẹ pa nẹ́tíwọ̀kì fóònù náà, torí pé ìpè kan ṣoṣo lè dá ìgbohùnsílẹ̀ dúró láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Wákàtí kan ohùn ní fáìlì WAV oníhà kan (mono, 44.1 kHz, bit 16) máa gba nǹkan bíi 320 MB, nítorí náà ẹ rí i pé ààyè 2 GB ṣófo kó tó di pé ẹ jáde nílé.
- Íápíìsì tó bo etí dáadáa.
- Kọ̀ǹpútà tí kíbọọ̀dù rẹ̀ lè tẹ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀. ELAN, tí ilé ìwádìí Max Planck ní Nijmegen ṣe, kò gba owó. Ó máa so ohùn pọ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ kí ẹ lè tẹ ìlà kan kí ẹ sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà.
- Ìwé ìyọ̀ǹda láti ọwọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwà nínú ìwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ yín. Ní Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò détà ọdún 2023 kan orúkọ àti ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀.
- Ìwé àjákọ kan fún ohun tí ẹ̀rọ ò lè gbọ́: ta ló wà nítòsí, ta ló wọlé, ìgbà wo ni ojú yí padà.
- Ẹnì kan tó gbọ́ ẹ̀ka-èdè àwọn olùsọtàn yín, bí ẹ̀yin fúnra yín ò bá gbọ́ ọ dénú.

Ìpele 1: Ẹ gbé ìbéèrè tí ìtàn lè dáhùn kalẹ̀

"Kí ni àwọn ìṣòro tí àwọn alátòmátì ń dojú kọ?" Ìbéèrè yìí ò burú, àmọ́ àkójọ ló ń béèrè: epo ọkọ̀ wọ́n, ọ̀nà ò dáa, èlé orí owó pọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó lábẹ́ agboòrùn lọ́jà lè kà á fún yín ní ìṣẹ́jú méjì. Ẹ yí i padà: "Báwo ni obìnrin tí ọjà rẹ̀ ti ṣòfò rí ṣe ń ròyìn bó ṣe padà sídìí òwò?" Èyí ní ẹnì kan nínú, ó ní ìgbà tó ti kọjá, ohun kan sì yí padà láàárín rẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè yín pẹ̀lú ọ̀rọ̀-orúkọ márùn-ún tí ẹ tò tẹ̀ léra. Bó bá ṣeé ṣe, kì í ṣe ìbéèrè ìtàn. Ẹ padà tún un kọ.

Ìpele 2: Ẹ jẹ́ kí ìtàn náà jáde

Fritz Schütze, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ní Jámánì, ló sọ ọ̀nà yìí di ìlànà ní àwọn ọdún 1970: ìbéèrè kan tó ṣílẹ̀kùn, kí ẹni tó béèrè sì yọ ẹnu kúrò níbẹ̀. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà ní apá mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dàpọ̀.

Apá kìíní ni ìbéèrè àṣílẹ̀kùn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ há a sórí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ kí ẹ bá mi sọ ọ̀rọ̀ ọjà tó ṣòfò yẹn, láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tó já sí. Bó bá ṣe wá sí yín lọ́kàn ni kí ẹ sọ ọ́. Mi ò ní já lu ọ̀rọ̀ yín."

*Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀:* Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Kí ló dé tí ọjà yín fi bàjẹ́ mà?" Ní etí wa, "kí ló dé" máa ń gbé ẹ̀sùn dání. Ẹni tí ẹ bi á wí àwíjàre dípò kó sọ̀tàn, á sì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kíákíá.

Ìwé ìlànà máa ń sọ pé kí olùwádìí dákẹ́. Èyí gba ìrònú nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó jókòó síwájú àgbà tí kò dáhùn rárá, bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀ ló rí, ìyá náà á sì dáwọ́ ọ̀rọ̀ dúró láti bi í bóyá ó ń gbọ́. Ẹ máa dáhùn: "Hẹ̀n-ẹ́n mà." "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà." "Ẹ kú ìrọ́jú." Àwọn wọ̀nyí ń ti ìtàn síwájú. Ohun tó ń pa ìtàn ni ìbéèrè tuntun láàárín ọ̀nà: "Ṣé awakọ̀ náà ò ní ìwé ọkọ̀ ni?" Lẹ́sẹ̀ kan náà, ìtàn ìyá ti di ti yín. Bó bá dánu dúró, ẹ ka 1 dé 10 nínú ọkàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ṣòro sọ jù ló ń bọ̀ lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Apá kejì máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá fúnra rẹ̀ pa á dé, bíi "Bó ṣe rí nìyẹn o." Ọ̀rọ̀ tó ti sọ nìkan ni kí ẹ fi bi í, bó sì ṣe tò ó ni kí ẹ tò ó: "Ẹ ní awakọ̀ pè yín lóru. Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn mà?" Apá kẹta ló wà fún ọdún, iye owó, àti "ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀".

*Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀:* Ìyá á ní, "Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bó ṣe ń rí." Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé á fèsì pé, "Bẹ́ẹ̀ ni mà." Ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn, ohun tó fẹ́ sọ ti wọlẹ̀. Ẹ sọ pé: "Ẹ ṣe bí ẹni pé mi ò mọ̀ ọ́n rárá mà."

Ẹ tún kíyè sí ẹni tó wà nítòsí. Ìtàn gbèsè tí obìnrin sọ lójú ẹni tó jẹ lówó, ọ̀tọ̀ ni. Èyí tó sọ nígbà tí ó ku òun nìkan, ọ̀tọ̀ ni. Àwọn méjèèjì ló wúlò, bí ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ta ló wà níbẹ̀. Ní ti ìyọ̀ǹda, bí ìwé fífọwọ́sí bá ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù, ẹ lè kà á sókè kí wọ́n sì gbà sínú ẹ̀rọ, àmọ́ ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ ti fàṣẹ sí i kó tó di pé ẹ lọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ wá ibi tí ìyá ti sọ̀rọ̀ pẹ́ jù láìjẹ́ pé ẹ bi í ní ìbéèrè tuntun. Bí kò bá sí èyí tó ju ìṣẹ́jú kan lọ, ìbéèrè-àti-ìdáhùn lẹ ṣe. Ẹ padà lọ kó tó di pé ẹ lọ bá ẹlòmíràn.

Ìpele 3: Ẹ dà á kọ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́

Ìpele yìí ni ìyà wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń kú. Wákàtí kan ohùn kì í dín ní wákàtí 4 sí 6 iṣẹ́ àdàkọ, àmì ohùn àti ìdákẹ́jẹ́ á sì tún fi kún un. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe láti fi sáré ni pé wọ́n á máa gbọ́ Yorùbá, wọ́n á máa kọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má dán an wò. Ohun mẹ́ta ló ń ṣòfò.

Àkọ́kọ́ ni *òun*. "Ó ní òun ò gba owó náà" àti "Ó ní kò gba owó náà" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹni tó sọ̀rọ̀ ló ń sọ ti ara rẹ̀. Nínú ìkejì, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì máa sọ méjèèjì di gbólóhùn kan ṣoṣo. Bí ìtàn yín bá dá lórí ta ló jẹ̀bi, ẹ ti sọ ẹjọ́ náà nù.

Ìkejì ni *wọ́n*. "Wọ́n kó o dànù" lè jẹ́ ọkọ rẹ̀ tó ń bọ̀wọ̀ fún, ó lè jẹ́ àwọn alábàárù, ó sì lè jẹ́ pé kò fẹ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹ bá ń tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó ti yan ọ̀kan láìmọ̀ pé ẹ ń yàn.

Ìkẹta ni ohùn. "Ọkọ̀ mi ló já mi kulẹ̀." "Ọkọ mi ló já mi kulẹ̀." Àmì kan ló wà láàárín ọkọ̀ tó bàjẹ́ àti ilé tó tú. Ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ lè bá yín ṣe àdàkọ àkọ́kọ́, àmọ́ ẹ má gbára lé e níbi àmì ohùn. Etí yín ló gbọ́dọ̀ parí rẹ̀.

Ẹ̀ka-èdè náà, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ó bá sọ Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú, ẹ má tún un ṣe sí Yorùbá àjùmọ̀lò. Lọ́pọ̀ ìgbà, olùsọtàn á máa sọ Yorùbá àjùmọ̀lò sí yín, á wá bọ́ sí ẹ̀ka-èdè rẹ̀ nígbà tó bá ń sọ ohun tí ìyá rẹ̀ wí. Ìyípadà yẹn jẹ́ ara ìtàn.

Àmì tí ẹ nílò ò pọ̀:

- (.) ìdákẹ́jẹ́ ráńpẹ́, (3) ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta
- [ ] ibi tí ẹ̀yin méjèèjì ti jọ sọ̀rọ̀
- ilà lábẹ́ ọ̀rọ̀ tó tẹnu mọ́
- ((rẹ́rìn-ín)), ((pòṣé)), ((nu ojú))

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tiyín náà sínú rẹ̀, títí kan "hẹ̀n-ẹ́n". Èmi ò fọkàn tán àdàkọ tí kò ní ohùn olùwádìí nínú: kò sí ẹni tó lè mọ ohun tó fa ọ̀rọ̀ tí ìyá sọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ mú ìṣẹ́jú márùn-ún láàárín fáìlì, kí ẹlòmíràn dà á kọ láìwo tiyín. Ẹ fi wé ara wọn. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ ti àmì ìdákẹ́jẹ́, kò burú. Bí ó bá yí ìtumọ̀ padà níbi kan péré, ẹ tún gbogbo fáìlì náà gbọ́.

Ìpele 4: Ẹ mọ ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú àdàkọ ni ìtàn. Èdè wa ti fi àmì sí i fún yín. "Ní ọjọ́ kan", "ni mo bá", "ló bá di pé", "bí mo ṣe débẹ̀ báyìí": ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló ń bọ̀. *Máa ń* ní tirẹ̀, ti bárakú ni: "Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, a máa ń sùn tì í." Ìyẹn kì í ṣe ìtàn, bó ṣe máa ń rí ni. Ìparí náà ní àmì tirẹ̀: "bó ṣe rí nìyẹn", "ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run", tàbí kí ó padà sí òní: "títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí".

*Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀:* Ẹ má fa ọ̀rọ̀ bárakú yọ dànù. Ẹ wo ibi tó ti wọlé. Obìnrin kan lè máa sọ "mo ṣe báyìí, mo ṣe báyìí", àmọ́ tó bá ti dé ibi tó dùn ún jù, á yí sí "èèyàn á kàn máa wò ni". *Mo* ti di *èèyàn*, ọjọ́ kan ti di ọjọ́ gbogbo. Bí ẹ bá fa ìlà yẹn yọ nítorí pé kò jọ ìtàn, ẹ ti fa ibi tó ti ń sá fún ìrora yọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ka ibi tí ẹ gé jáde sókè fún ẹnì kan tí kò mọ nǹkan nípa iṣẹ́ yín. Bó bá parí tó sì ń bi yín pé "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?", ẹ ti gé e kù díẹ̀. Bó bá ń bi yín pé "Ta ni?" tàbí "Níbo?", ẹ gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sọnù.

Ìpele 5: Ẹ tò ó ní ìlà-ìlà, kí ẹ wo egungun rẹ̀

Awẹ́-gbólóhùn kan, ìlà kan, nọ́ńbà kan. William Labov, onímọ̀ èdè ní Amẹ́ríkà, àti Joshua Waletzky ló gbé ètò pípín ìtàn sí apá-apá yìí kalẹ̀ ní 1967. Labov fi apá ìkéde kún un ní 1972, ó sì di apá mẹ́fà. Àpẹẹrẹ rèé ("ẹnì kejì mi" níbẹ̀ ni obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣòwò):

1 Tòmátì yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nídìí òwò.
2 Ìgbà òjò ni.
3 Èmi àti ẹnì kejì mi la jọ dá owó,
4 apẹ̀rẹ̀ ogójì la rà.
5 Awakọ̀ pè mí lóru (2)
6 ó ní ọkọ̀ ti bàjẹ́ sọ́nà,
7 ó ní òun ń wá mẹkáníìkì.
8 Ni mo bá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.
9 Mi ò lè pe ẹnì kejì mi. (4)
10 Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?
11 Ọjọ́ kẹta ni ọkọ̀ wọlé.
12 Bí wọ́n ṣe ṣí tapólì,
13 omi ló ń kán.
14 Wọ́n kó o dànù.
15 Mo san owó ẹnì kejì mi fún un,
16 kò ṣẹ́ kù kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.
17 Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù, ọmọ mi.
18 Òun náà ló yá mi lówó tí mo fi tún bẹ̀rẹ̀.
19 Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí wa pọ̀ títí dòní.

Ẹ wá fi orúkọ apá kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀:

- Ìkéde (ìtàn kí ni?): ìlà 1
- Ìpìlẹ̀ (ta ni, níbo, nígbà wo): 2 sí 4
- Ìṣẹ̀lẹ̀ (kí ló wá ṣẹlẹ̀): 5 sí 8, 11 sí 16
- Ìdíyelé (kí ló mú kó tó ohun à ń sọ): 9, 10, 16, 17
- Àbájáde (ibi tó já sí): 18
- Ìkádìí (ó mú wa padà sí òní): 19

Ìdíyelé ni ẹ̀mí gbogbo rẹ̀, òun sì ni ó ṣòro jù láti rí, torí kì í jókòó sí ojú kan. Ó lè jẹ́ òwe, ó lè jẹ́ ìbéèrè tí kò retí èsì, ó lè jẹ́ àwítúnwí, ó lè jẹ́ ìdákẹ́jẹ́. Ẹ wo ìlà 9 dáadáa. Wọ́n ti sọ fún un pé ọkọ̀ ti bàjẹ́, apẹ̀rẹ̀ 40 wà nínú ewu, ìgbà òjò sì ni. Kò sọ̀rọ̀ tòmátì. Kò sọ iye owó. Ohun tó dá a lọ́wọ́ dúró, tó sì gba ìdákẹ́jẹ́ tó gùn jù nínú gbogbo ìtàn, ni pé kò lè pe ẹnì kejì rẹ̀. Ẹni tó gé àdàkọ yìí wẹ́wẹ́ á rí "ìṣòro ọ̀nà", "ọjà bíbàjẹ́" àti "àìlówó lọ́wọ́". Òótọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ kì í ṣe ìtàn tí obìnrin yìí sọ nìyẹn. Ìtàn ìfọkàntán láàárín obìnrin méjì ló sọ. Ìlà 19 fìdí rẹ̀ múlẹ̀: kò parí sí "òwò mi ti dáa báyìí", "ẹ ń rí wa pọ̀" ló fi kádìí.

*Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀:* Ìlà kan lè ṣe iṣẹ́ méjì. Ìlà 16 sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì fi ìwọ̀n ohun tó ná an hàn. Ẹ kọ méjèèjì sí i. Ẹ má fi tipátipá ti ìlà sínú àpótí kan. Bí apá kan ò bá sí nínú ìtàn, ẹ má ṣẹ̀dá rẹ̀. Ìtàn tí kò ní àbájáde lè jẹ́ ti ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò tíì parí fún.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ bo gbogbo ìlà ìdíyelé, kí ẹ ka ìyókù. Bó bá ṣì dùn ún gbọ́ tó sì nítumọ̀ kíkún, ẹ ò tíì rí ìdíyelé. Bó bá dà bí ìròyìn ọlọ́pàá, tó gbẹ, tí kò sì ní ìdí, ẹ ti rí i.

Ìpele 6: Ẹ bi ìtàn náà ní ìbéèrè mẹ́ta

Catherine Kohler Riessman, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ya àwọn ọ̀nà wọ̀nyí sọ́tọ̀ kedere: ohun tí wọ́n sọ, bí wọ́n ṣe sọ ọ́, àti ẹni tí wọ́n jọ sọ ọ́. Ẹ̀yin ò ní láti lo gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹ béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó di pé ẹ yan èyí tí iṣẹ́ yín máa dúró lé.

*Kí ló sọ?* Ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn méjì, láìfi ọ̀rọ̀ ìwé kankan sí i.

*Báwo ló ṣe sọ ọ́?* Ẹ fa ilà sábẹ́ gbogbo *mo, a, wọ́n, òun, èèyàn*, kí ẹ sì tẹ̀ lé wọn bí ẹni ń tọ ipasẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, *mo* sọnù láti ìlà 11 dé 14: ọkọ̀ wọlé, wọ́n ṣí tapólì, wọ́n kó o dànù. Kò sí níbẹ̀, tàbí pé ó wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ kí a rí òun. *Mo* padà ní ìlà 15, iṣẹ́ tó sì gbé padà ni sísan gbèsè. Ẹ tún wo awakọ̀ ní ìlà 7. Ó fún un ní *òun*, ó jẹ́ kó sọ ẹjọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì dá a lẹ́bi níbì kankan. Àìdálẹ́bi náà jẹ́ ohun tí a lè túpalẹ̀.

*Ta ló sọ ọ́ fún?* Ìlà 17 ní "ọmọ mi". Ibẹ̀ ló ti yí padà sí olùwádìí, ìtàn sì di ẹ̀kọ́ tí àgbà ń kọ́ ọmọdé. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ ló wá bá a, ó ṣeé ṣe kí ìlà 16 gùn kí ìlà 9 má sì sí níbẹ̀ rárá. Nítorí náà, ẹ kọ ẹni tí ẹ jẹ́ lójú rẹ̀ sínú ìtúpalẹ̀: ọmọdé ni àbí àgbà, ọkùnrin ni àbí obìnrin, ọmọ ìlú ni àbí àlejò, orúkọ wo ló sì fi ń pè yín.

*Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀:* Òwe. Ọ̀pọ̀ á kọ ìtumọ̀ òwe bí ó ṣe wà nínú ìwé, wọ́n á sì kọjá. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni ìdí tó fi bọ́ síbẹ̀, àti iṣẹ́ tó ṣe. Òwe ìlà 17 wọlé lẹ́yìn sísan owó, kó tó di pé a gbọ́ pé ẹnì kejì ràn án lọ́wọ́. Ó so méjèèjì pọ̀: ó sọ ẹ̀yáwó náà di èrè ìwà dípò àánú. Kò ní sọ ọ́ ní gbangba pé èèyàn dáadáa lòun. Òwe ló bá a sọ ọ́. "Ọlọ́run ló ṣe é" náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má kàn án mọ́ "ẹ̀sìn" kí ẹ kọjá. Nígbà míì, ó jẹ́ ọpẹ́. Nígbà míì, ó jẹ́ ọ̀nà tí olùsọtàn gbà sọ pé kí ẹ má bi òun jù bẹ́ẹ̀ lọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ kọ ojú ìwé kan fún ìtàn kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá gbìyànjú láti fi orúkọ olùsọtàn mìíràn rọ́pò ti ẹni tó sọ ọ́. Bí ojú ìwé náà bá ṣì bá ẹni tuntun náà mu láìyí nǹkan padà, àwọn alátòmátì lápapọ̀ lẹ kọ̀wé nípa wọn, ẹ ò tíì kọ nǹkan nípa ìtàn yìí.

Ìpele 7: Ẹ fi ìtàn wé ìtàn

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ èyí títí ojú ìwé 6 tàbí 8 yẹn á fi pé. Odidi la fi ń wé odidi. Ẹ ya tábìlì onílà mẹ́rin: ibo ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, ta ló gbé ìgbésẹ̀ tó yí nǹkan padà, ìlà wo ló ru ìdíyelé tó wúwo jù, báwo ló ṣe kádìí.

Ẹni tí tirẹ̀ yàtọ̀ ló yẹ kí ẹ lo àkókò lé lórí jù. Bí márùn-ún bá kádìí sí "ẹ ń rí wa pọ̀" tí ọ̀kan sì kádìí sí "láti ọjọ́ náà, mi ò bá ẹnikẹ́ni dá owó pọ̀ mọ́", ọ̀kan yẹn ló máa fi ohun tí àwọn márùn-ún tó kù ń gbìyànjú láti tọ́jú hàn yín.

*Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀:* Kíkà. "Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùsọtàn..." nínú èèyàn mẹ́jọ, ìyẹn ò bójú mu. Ẹ sọ irú ìtàn tó wà àti bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ìpele 8: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ gbé àyọkà náà jáde pẹ̀lú nọ́ńbà ìlà, Yorùbá lókè, ìtumọ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí ilé ẹ̀kọ́ bá ń béèrè Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà 15 sí 25 ti tó. Àyọlò ọ̀rọ̀ mẹ́ta kò lè fi ohun tí ẹ ń sọ hàn.

Yíyí orúkọ padà kò tó láti bo ẹnì kan mọ́lẹ̀. Ìtàn náà fúnra rẹ̀ ń tọ́ka sí i: apẹ̀rẹ̀ 40, ìgbà òjò, obìnrin méjì tó jọ ń tajà títí dòní. Gbogbo ọjà á mọ̀ ọ́n. Oríkì, orúkọ agbo ilé àti oyè nínú ẹgbẹ́ ọlọ́jà tún ń tú èèyàn fó ju orúkọ lọ. Ẹ yí ohun tí kò kan ìtúpalẹ̀ padà, kí ẹ sọ ọ́ nínú orí ìlànà pé ẹ yí i padà, kí ẹ sì padà lọ bá a kí ó gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ tẹ̀ jáde. Bó bá ní kì í ṣe ohun tí òun ní lọ́kàn nìyẹn, ẹ má pa á mọ́. Ẹ kọ ohun tó sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ̀yin rí, kí ẹ jẹ́ kí òǹkàwé rí méjèèjì.

Olùdánwò lè bi yín pé: "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òótọ́ ló sọ?" Ohun tí ẹ túpalẹ̀ ni bó ṣe ròyìn rẹ̀ àti ìtumọ̀ tó fún un. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ pé ohun kan ṣẹlẹ̀ lójú ayé, bí ọjọ́ tí iná jó ọjà tàbí iye tí ìjọba san, ẹ gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rí mìíràn fún un.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fún ẹlẹgbẹ́ yín kan ní orí náà àti bírò pupa. Kí ó fagi lé gbogbo gbólóhùn tó sọ nǹkan nípa olùsọtàn tí kò ní nọ́ńbà ìlà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo èyí tó bá fagi lé, ẹ padà sínú àdàkọ lọ wá ìlà rẹ̀. Èyí tí ẹ ò bá rí, ẹ yọ ọ́ kúrò.